Hilkka Vänskä àti Ọkùnrin Tó Jókòó sí Gbàgede Tí Wọn Ò Tíì Kọ́

Nínú ìwé tí wọ́n fi gba Hilkka Vänskä síṣẹ́, "olùrànlọ́wọ́ ní yàrá iṣẹ́" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi ọkọ rẹ̀, Aarne, léèrè ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe ní yunifásítì, Aarne á ní ènìyàn ló ń dá. Kò purọ́. Ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìyàwòrán-ilé àti ìfètò-ìlú ti Merijoki, ìlú etíkun kan ní àríwá ilẹ̀ Finland, Hilkka ló ń gbẹ́ àwọn ènìyàn kéékèèké tí akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀jọ̀gbọ́n ń tò sínú àwòṣe ilé wọn, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ bí ògiri ṣe ga tó àti bí ẹnu ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó. Igi ló fi ń gbẹ́ wọn. Gíga wọn kò ju ìbú àtàǹpàkò lọ.

Kí ó tó débẹ̀ lọ́dún 1960, abẹ́rẹ́ olórí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gún mọ́ páálí, wọ́n á ní ènìyàn nìyẹn. Hilkka wo abẹ́rẹ́ náà títí, ó ní òun kò mọ ẹnì kankan nínú ẹbí òun tó rí báyìí. Ó mú ẹ̀là igi kan àti ọ̀bẹ tí bàbá rẹ̀ fi ń la ẹja, ó sì gbẹ́ obìnrin kan kí kọfí rẹ̀ tó tutù. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ensio Lehtovaara ló ṣòfin fún un. Ọkùnrin gíga kan ni, tó máa ń wọ dúdú láti ọrùn dé ẹsẹ̀, tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó ní ènìyàn inú àwòṣe kò gbọdọ̀ sanra, kò gbọdọ̀ dé fìlà, kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun lọ́wọ́, èyí tó sì ṣe kókó jù, kò gbọdọ̀ jókòó. Kó ṣáà máa rìn lọ. Bí ènìyàn bá jókòó, ó ní, ẹni tó ń wòran á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ti ẹni tó jókòó, á sì gbàgbé ilé. Hilkka kò bá a jiyàn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ló fi ń gbẹ́ àwọn ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí wọn ṣófo, nínú ìlú tí yìnyín ti ń wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà nínú ọdún. Àpótí mẹ́ta ló wà lórí pẹpẹ rẹ̀. Ó kọ "Ọkùnrin tó ń rìn" sára ọ̀kan, "Obìnrin tó ń rìn" sára ìkejì, "Ọmọdé tó ń rìn" sára ìkẹta. Ọmọ ọwọ́ gan-an ń rìn.

Ohun tó yí ọwọ́ rẹ̀ padà ṣẹlẹ̀ ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 1986. Aarne ti fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ agbégi, orúnkún rẹ̀ sì ti kéde fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ kan, òun àti Hilkka jọ lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀ tuntun kí Hilkka lè gba ìwé kan. Àtẹ̀gùn pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Aarne ní kó máa wọlé, òun á dúró níta. Ẹnì kan tó kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Lehtovaara ló ya gbàgede iwájú rẹ̀. Òkúta dídán ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kò sí igi, kò sí bẹ́ǹṣì, àfi òkúta roboto kan tó dá wà láàárín. Aarne jókòó lé e. Kò pẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ kan fi jáde wá, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún un pé òkúta yẹn kì í ṣe ìjókòó, ibi tí ìlà parí sí ni. Aarne bi í pé ìlà wo. Ẹ̀ṣọ́ náà wo ilẹ̀ yíká, òun náà kò rí ìlà kankan, ó ní bí wọ́n ṣe sọ fún òun nìyẹn. Aarne dìde. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi di òpó iná mú.

Nígbà tí Hilkka jáde, Aarne kò ráhùn. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n wà kó tó lanu, tí ó sì kọjú sí fèrèsé.

"Hilkka, àwọn èèyàn tó o máa ń gbẹ́ yẹn, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ń gbé. Èmi ò sí lára wọn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Hilkka lákínyẹmí ara. Ó sùn, ó jí, ọ̀rọ̀ náà kò lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó jókòó ti tábìlì rẹ̀, ó sì gbẹ́ ọkọ rẹ̀: Aarne lórí àpótí wàrà tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀, fìlà elétí lórí, àpò ọ̀rá lórí itan. Ọjọ́ méjì ló fi gbẹ́ ojú nìkan, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀hún kò tó hóró ìrẹsì.

Lásìkò yẹn, Lehtovaara ń parí iṣẹ́ tó pè ní àṣekágbá iṣẹ́ ayé òun. Àwòṣe Gbàgede Èbúté ni, ilẹ̀ ńlá kan létí òkun tí ìlú ní kí ilé ẹ̀kọ́ bá àwọn fètò sí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi lẹ pẹlẹbẹ igi tó fẹ́lẹ́ bíi bébà mọ́ ilẹ̀ gbàgede náà, oṣù mẹ́ta ló gbà á. Ó wá fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sísàlẹ̀ pé kí Hilkka to ogójì ènìyàn tó ń rìn síbẹ̀. Ìwé pélébé ló máa ń rán láti ọjọ́ pípẹ́, kò fẹsẹ̀ tẹ yàrá iṣẹ́ náà rí. Hilkka to ogójì ènìyàn bí wọ́n ṣe wí. Lẹ́yìn náà ló po gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń sè láti ara awọ màlúù, èyí tí kò ṣeé ṣí mọ́ bó bá ti gbẹ, ó sì lẹ Aarne mọ́ àárín gbàgede. Ó jẹ́ kó kẹ̀yìn sí òkun nítorí atẹ́gùn, kó kọjú sí ògiri gbọ̀ngàn orin.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ ìlú wá wo iṣẹ́. Alága wọn ni Sylvi Ojanperä, obìnrin tó ti sin màlúù fún ọgbọ̀n ọdún kó tó wọ òṣèlú. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Urpo Hietakangas, agbẹjọ́rò ọ́fíìsì ètò ìlú, òǹtẹ̀ rẹ̀ wà nínú àpò. Hilkka wà lẹ́yìn, ó ń bu kọfí fún wọn. Lehtovaara sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ fún àádọ́ta ìṣẹ́jú. Hietakangas lu òǹtẹ̀ mọ́ etí àwòṣe láti fi hàn pé ó ti di ìwé ìlú. Nígbà náà ni Sylvi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ta ni ọkùnrin yìí?"

"Èwo nínú wọn?" Lehtovaara bi í.

"Èyí tó jókòó yìí. Kí ló ń retí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò rí ọkùnrin náà rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn á ṣe dúró níwájú ìgbìmọ̀ kó sọ pé òun kò mọ ẹni tó wà nínú gbàgede òun? Ó ní bọ́ọ̀sì ló ń retí.

"Bọ́ọ̀sì ò gba ibẹ̀ yẹn kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, kò gba ibẹ̀."

"A jẹ́ pé á pẹ́ níbẹ̀ nìyẹn," Sylvi wí. Inú rẹ̀ kò dùn sí i rárá.

Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó wo ilé mọ́. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ní atẹ́gùn oṣù kejì á pa ọkùnrin náà síbẹ̀. Òmíràn fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àpò ọ̀rá. Ẹnì kẹta ní ẹja ni, kí ni ìbá tún jẹ́ létí òkun, ó sì ku díẹ̀ kí àwọn méjì jà lórí bóyá ẹja tútù ni àbí yíyan. Lehtovaara mú ẹ̀mú kékeré kan, ó rọra di fìlà Aarne mú, ó fà á. Aarne kò kúrò. Ilẹ̀ gbàgede ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá a dìde, ó ń sán bí ewé gbígbẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tètè fi ẹ̀mú sílẹ̀.

Hietakangas kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó wá ní òfin sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń lo ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fètò sí gbọ́dọ̀ sọ tẹnu rẹ̀ kí ìlú tó buwọ́ lu ètò náà. Ogójì ènìyàn ìyókù, ó ní, kò kàn wọ́n, wọ́n ń kọjá lọ ni. Ṣùgbọ́n èyí jókòó. Ó ń lo ilẹ̀. Àwòṣe sì ti gba òǹtẹ̀, nítorí náà ọkùnrin yìí ti wà nínú fáìlì ìlú. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìlú lọ sílé ẹjọ́ lọ́la pé wọn kò gbọ́ tẹnu ẹni tó wà nínú fáìlì àwọn fúnra wọn, gbogbo ètò dà nù nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Hietakangas kì í ṣe aláwàdà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó dá ìwé ìbánikẹ́dùn kan padà sí ẹni tó kọ ọ́ nítorí pé kò kọ déètì sí i.

Lehtovaara ní òun á ṣe àwòṣe mìíràn tí ọkùnrin náà kò ní sí nínú rẹ̀. Hietakangas ní ayédèrú ìwé nìyẹn, ẹ̀wọ̀n ló wà nídìí ẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, lẹ́tà dé sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni: "Sí Ọkùnrin Tó Jókòó, Gbàgede Èbúté, Ìwọ̀n Ọ̀kan sí Ọgọ́rùn-ún." Ìwọ̀n àwòṣe náà sí ilẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ṣe àdírẹ́sì. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún un láti fèsì. Raili Tuomaala, olórí ilé ẹ̀kọ́ náà, pe ìpàdé lórí ẹni tó yẹ kó gba lẹ́tà ọ̀hún. Àwọn onímọ̀ ilé yíyà ní ọ̀rọ̀ ènìyàn kò kan àwọn, ẹ̀ka ìfètò-ìlú ló ni ènìyàn. Àwọn ti ìfètò-ìlú ní ohun tó bá ti jókòó síbì kan tí kò kúrò, àga ni, ẹ̀ka ilé yíyà ló sì ni àga. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, wọ́n dìbò. Márùn-ún sí mẹ́rin, ọkùnrin náà wọlé gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Ẹnì kan kò dìbò, ó ní òun fẹ́ lọ ronú sí i.

Raili fúnra rẹ̀ ló mú lẹ́tà náà wá sí yàrá iṣẹ́. Ó bá Hilkka níbi tó ti ń fẹ́ èérún igi kúrò lórí tábìlì.

"Hilkka, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ta ni?"

"Aarne ni."

"Aarne wo?"

"Aarne tèmi."

Raili wo ilẹ̀, ó wo lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé á lè fèsì?"

"Aarne? Káàdì Kérésìmesì gan-an, èmi ni mò ń bá a kọ ọ́," Hilkka wí, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́, ó gba lẹ́tà náà.

Ọjọ́bọ̀ ni, ọbẹ̀ ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ nílé wọn bíi ti gbogbo Ọjọ́bọ̀. Aarne ka lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé ṣíbí rẹ̀. Hilkka ti rò pé á bínú pé wọ́n sọ òun di ọmọláńgidi láàárín ìlú. Kò bínú. Ó ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni òun, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ìlú máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ òun. Ó rò ó títí ọbẹ̀ fi tutù. Lẹ́yìn náà ló ní kí Hilkka mú bírò, ó sì sọ gbólóhùn mẹ́rin fún un kọ. Òun wà níbẹ̀. Orúnkún ń dun òun. Kò sí ohun tí èèyàn lè jókòó lé níbẹ̀ àfi àpótí tí òun fúnra òun gbé wá. Bọ́ọ̀sì kọ́ ni òun ń retí, ìyàwó òun ni. Hilkka fẹ́ fi "ẹ jọ̀ọ́" kún un. Aarne ní kò gbọdọ̀ fi kún un, ẹni tó bá dákẹ́ tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òun kò sì tọrọ nǹkan, wọ́n bi òun ni òun ṣe sọ.

Hietakangas fi ìwé náà sínú fáìlì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀hónú. Bí ẹ̀hónú bá sì ti wọ fáìlì, ẹni tó ya ètò gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, kó sọ ìdí tí ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ń fẹ́ kò fi ṣeé ṣe. Lehtovaara jókòó láti kọ ìdí tí ọkùnrin náà kò fi gbọdọ̀ jókòó. Ó kọ ojú ìwé mẹ́rìnlá nípa àyè, nípa òfo, nípa bí ojú ṣe ń rìn lórí ilẹ̀ tí ohunkóhun kò dí i lọ́wọ́. Hietakangas dá a padà fún un. Ohun tó kọ sétí rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ọkùnrin náà ní orúnkún ń dun òun. Èyí kò dá orúnkún lóhùn." Ọ̀jọ̀gbọ́n tún un kọ, ó di ojú ìwé mẹ́sàn-án. Wọ́n dá a padà. Ó di mẹ́rin. Wọ́n dá a padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn rí i lẹ́ẹ̀mẹta létí èbúté nínú yìnyín, tó dá dúró, tó ń wo ilẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa ń kan ilẹ̀kùn níbẹ̀, Hilkka rò pé páìpù ló ń ró. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, Lehtovaara ló dúró síbẹ̀. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà, Hilkka fi í lọ̀ ọ́, òun alára jókòó lórí àpótí èérún igi. Ó bu kọfí fún un. Wọ́n mu kọfí náà tán.

"Mi ò rí orúnkún yẹn dá lóhùn," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí nígbà tó yá.

Hilkka ní òun mọ̀. Òun náà ti gbìyànjú, epo ni òun fi ń pa á.

Lehtovaara yí kọ́ọ̀pù òfìfo náà lọ́wọ́. "Ìyá mi náà, ẹsẹ̀ máa ń dùn wọ́n. Èbúté yẹn gan-an ni wọ́n ti ń tajà, ẹja ni wọ́n ń tà." Ó gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. "Ṣé ẹ lè bá mi gbẹ́ wọn?"

Hilkka kò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó mú ọ̀bẹ, ó ṣa igi tó mọ́. "Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìyá òun kúrú, ó fẹ̀ ní èjìká, ó máa ń wé gèlè onílà sórí. Ìyẹn kò nira.

"Kí ló máa ń wà lọ́wọ́ wọn?"

Lehtovaara ní ilé ìkẹ́rù kan wà lẹ́yìn ìyá òun. Ilé bíríkì pupa, fèrèsé mọ́kànlá lókè, mẹ́sàn-án nísàlẹ̀, ìkẹta láti apá òsì ni wọ́n fi bíríkì dí. Ó ní òjìji òrùlé máa ń dé ẹsẹ̀ ìyá òun bó bá di agogo méjì.

"Ọwọ́ wọn ńkọ́?" Hilkka bi í. "Ṣé apẹ̀rẹ̀ ni, àbí korobá, àbí ọ̀bẹ?"

Lehtovaara wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. "Mi ò wo ọwọ́ wọn rí."

Hilkka kò fi í ṣẹ̀sín, kò sì tù ú nínú. Ó gbẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó jókòó, tó fi ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ápúrọ́ọ̀nù nítorí òtútù. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó fi í sápò àyà, ó dìde, ó ní kọfí náà dára, ó sì gùnkè lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Hietakangas gba èsì tuntun. Ìlà kan péré ni: "Kò sí ìdí kankan tí ọkùnrin yìí kò fi gbọdọ̀ jókòó." Agbẹjọ́rò kà á, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó ní èyí ti tó.

Báyìí ni ìlú ṣe buwọ́ lu ètò náà, pẹ̀lú ìjókòó kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kì í padà sílé bó ṣe jáde. Àwọn tó kọ́ gbàgede fi ìwọ̀n wọn àpótí wàrà inú àwòṣe, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì fi òkúta gbẹ́ bẹ́ǹṣì kan síbẹ̀ gẹ́lẹ́, tó kẹ̀yìn sí òkun, tó kọjú sí ògiri. Ẹni tó bá wá béèrè ìdí tí wọ́n fi kọjú bẹ́ǹṣì sí ògiri létí òkun tó dára tó báyẹn, Hietakangas á mú un lọ wo òǹtẹ̀. Ọ́fíìsì ọkọ̀ ìlú náà ti gbọ́ pé ọkùnrin kan wà ní Gbàgede Èbúté tó ń retí bọ́ọ̀sì. Wọn kò ka lẹ́tà Aarne dé ìsàlẹ̀. Wọ́n dá ọ̀nà tuntun sílẹ̀ fún bọ́ọ̀sì kẹsàn-án, tó ń dúró níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá bá Hilkka. Ọ̀kan fẹ́ obìnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, òmíràn fẹ́ ọkùnrin méjì tó ń jiyàn, òmíràn fẹ́ ẹni tó ṣìnà. Hilkka kì í mú ọ̀bẹ àfi kó kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ni orúkọ ẹni náà. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, á ní kí wọ́n lọ jókòó sí ibùdókọ̀ fún wákàtí kan, kí wọ́n wá padà wá. Àwọn kan kò padà wá mọ́. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn bá ẹni tó pàdé níbẹ̀ ṣègbéyàwó.

Oṣù kẹfà ọdún 1989 ni wọ́n ṣí gbàgede náà. Aarne kò fẹ́ lọ lọ́jọ́ tí èrò pọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni Hilkka mú un lọ, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì òkúta, wọ́n ń wo ògiri. Atẹ́gùn ń fẹ́ wọn lẹ́yìn. Aarne na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ká a kò, ó tún un nà.

"Báwo ló ṣe rí?" Hilkka bi í.

"Ó rẹlẹ̀ jù."

"Wàá kọ̀wé sí wọn ni."

Aarne ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí bọ́ọ̀sì kẹsàn-án yọ. Kò sí èrò kankan nínú rẹ̀. Awakọ̀ náà dúró níwájú wọn gan-an, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì ń wò wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó dá wọn lójú pé kò tíì gbé ẹnì kankan níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í sójú ọ̀nà náà. Hilkka wo Aarne, Aarne wo Hilkka. Ilé wọn kò sí lápá ibi tí bọ́ọ̀sì yẹn ń lọ rárá. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ fún un, nítorí náà wọ́n di ara wọn mú, wọ́n dìde, wọ́n sì wọlé.